Adé Ìkẹyìn ní Sùúrùlérè

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Magodo, kí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́nu géètì, àwọn kan ti wà lójú títì tí wọ́n ń sáré. Wọn kì í ṣe ọmọdé. Púpọ̀ nínú wọn ti kọjá ogójì ọdún. Aago wà lọ́rùn ọwọ́ wọn, òógùn ti mú ẹ̀yìn aṣọ wọn tutù rinrin, imú ni wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń tú u jáde. Òkè Magodo kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú di. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń sinmi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan báyìí ni òkè mìíràn yóò tún gbé iwájú sókè. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lé ní ìdájí, ọ̀pọ̀ á ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Èrèlé ni, ọjọ́ tí ìjọba máa ń ti ọ̀nà pa ní Èkó nítorí máràtọ́ọ̀nù.

Ọjọ́ náà kì í fara sin fún ará Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Magodo wà. Ẹ̀gbẹ́ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gba Ojúẹlẹ́gba, wọ́n á tọ Ikorodu Road, wọ́n á yà ní Anthony, wọ́n á gba Gbágadà dé Òwòròǹṣòkí, kí wọ́n tó gun Third Mainland Bridge lọ sí Erékùṣù. Láti Anthony títí dé ẹsẹ̀ afárá, ilẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn èèyàn á tò sẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀rá píọ̀wọ́tà á tẹ́ lọ rẹrẹ lórí ọ̀dà. Àwọn tó ń síwájú á kọjá bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó wọn lẹ́sẹ̀. Kí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ wá wòran tó pè é tán, ẹ̀yìn wọn ló kù.

Ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé 2016 ni wọ́n sá àkọ́kọ́ nínú ìdíje yìí, nígbà tí Akínwùnmí Àmbọ̀dé jẹ́ gómìnà. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gbégbá orókè, ó sì tún padà wá gbà á ní 2017. Bó bá jẹ́ ti ọkùnrin, láti ọdún náà títí di 2024, ọmọ Kẹ́ńyà àti ọmọ Ethiópíà ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ní 2018 nìkan ni ọmọ Faransé kan, Abraham Kiprotich, já a gbà, Kẹ́ńyà sì ni wọ́n bí òun náà sí. Ṣùgbọ́n ará Èkó tó bá rò pé 2016 ni ọmọ Ìlà-Oòrùn Áfríkà kọ́kọ́ wá fi ẹsẹ̀ gba ìyì eré gígùn yìí lọ́dọ̀ wa, kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán. Ọdún mẹ́tàlélógójì ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin kan láti Ethiópíà, ẹni ogójì ọdún, akọni tí ọ̀nà rẹ̀ ti ń lọ sópin, sá máràtọ́ọ̀nù ní Èkó, ó sì gba wúrà. Mamo Wolde lorúkọ rẹ̀.

Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1973 ni. Owó tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àpò ará Èkó: ọjọ́ kìíní oṣù yẹn gan-an ni náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn awakọ̀ fi apá òsì sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. 2 oṣù Igbe 1972 ni òfin ìyẹn mú. Ogun abẹ́lé ti parí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Yakubu Gowon ni olórí ìjọba, Mobolaji Johnson sì ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Sùúrùlérè, pápá ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán dúró láàárín ilé àwọn èèyàn, ọ̀dà ara rẹ̀ ò tíì ṣá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí Ìdíje Gbogbo Áfríkà Ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ 7 oṣù náà, wọ́n sì kádìí rẹ̀ ní ọjọ́ 18.

Ìdíje yìí ti rìn kó tó dé Èkó. Brazzaville ló kọ́kọ́ gbà á lálejò ní 1965. Màlì ló yẹ kó ṣe èkejì ní 1969, ṣùgbọ́n àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní 1968, ọ̀rọ̀ náà sì wọmi. Èkó ló gbé e dìde. Fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun, ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ eré lọ. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni, wọ́n fẹ́ kí àlejò wá wò ó.

Magodo ńkọ́ nígbà yẹn? Kò sí géètì, kò sí GRA. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lónìí kò tíì sí. 1978 ni wọ́n ṣí i. Third Mainland Bridge kò tíì sí, ó di 1990 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni, oko àti abúlé, nítòsí Ìṣẹrì tí ìtàn àwọn baba sọ pé Olófin Ògúnfúnmiínire àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tọ àwo kan tó léfòó lójú omi. Ibi tí àwo bá dúró sí, wọ́n á dúró. Ibi tó wá rì sí ni orúkọ Àwórì ti jáde. Ìrìn ẹsẹ̀ gígùn kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ yìí.

Mamo Wolde kì í ṣe orúkọ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn sárésáré Ethiópíà. Abebe Bikila ni gbogbo ayé máa ń dárúkọ, ẹni tó sá máràtọ́ọ̀nù Olympic ní Rome ní 1960 láìwọ bàtà tó sì gbà á, tó tún gba ti Tokyo ní 1964 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, 1932. Nǹkan bí oṣù méjì ni Mamo fi ṣe ẹ̀gbọ́n. Àwọn méjèèjì ló wọṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie. Mamo bá àwọn ọmọ ogun Ethiópíà lọ sí Kòríà, ó sì ṣáájú Bikila dé Olympic, torí ó wà nínú ikọ̀ àkọ́kọ́ tí Ethiópíà rán lọ sí Melbourne ní 1956. Mítà 800 àti 1,500 ló sá níbẹ̀, ó tún bá wọn sá eré àfọ̀pásá. Kò sí èyí tó mú un jìnnà.

Ohun tó dùn nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé kò tètè mọ ibi tí agbára rẹ̀ wà. Eré kúkúrú ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gùn sí i bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ń gùn sí i. Ní Tokyo, ó ṣe ipò kẹrin nínú mítà 10,000, ṣùgbọ́n ó já kúrò lójú ọ̀nà nínú máràtọ́ọ̀nù tí Bikila gbà. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà lè sọ pé ó ti tán. Ẹni ọdún 32 ni.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni Mẹ́síkò, ìlú tó ga ju ojú òkun lọ ní mítà tó lé ní 2,200. Naftali Temu ti Kẹ́ńyà fi ohun tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣíwájú Mamo nínú mítà 10,000. Ọjọ́ máràtọ́ọ̀nù kò. Bikila ti fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tó sá a dé ìdajì, ẹsẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀. Mamo ròyìn lẹ́yìn náà pé Bikila tó jẹ́ ọ̀gá òun pe òun lójú ọ̀nà, ó ní Bikila ò ní lè parí rẹ̀, kí òun Mamo máa lọ, kí òun gbà á fún Ethiópíà. Ó lọ. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 20 àti ìṣẹ́jú-àáyá 26 ni aago sọ nígbà tó wọ pápá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé sì kọjá kí Kenji Kimihara ti Jàpáànù tó dé. Ẹni ọdún 36 ni Mamo lọ́jọ́ náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ sárésáré fi ń jókòó sílé sọ ìtàn.

Kò jókòó. Ní 10 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1972, ọdún méjìlá gééré sí ọjọ́ tí Bikila sáré láìwọ bàtà ní Rome, Mamo dúró sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ní Munich. Ó ti pé ogójì ọdún. Bikila náà wà ní Munich, ṣùgbọ́n lórí àga onítáyà ni, torí ìjàǹbá mọ́tò ti gba ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ ní 1969. Frank Shorter ti Amẹ́ríkà ló gba wúrà, Karel Lismont ti Bẹ́ljíọ̀m ló gba fàdákà, Mamo sì gba idẹ pẹ̀lú wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 8. Ẹ wo nǹkan: ìṣẹ́jú márùn-ún ó lé ló fi yára ju ti ìgbà tó gba wúrà ní Mẹ́síkò. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní bàtà tí àwọn aláṣẹ ní kí òun wọ̀ kò bá ẹsẹ̀ òun mu, pé bàtà náà ló gba wúrà kejì lọ́wọ́ òun.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló dé Èkó.

Yorùbá ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Mamo ń lé nǹkan, nǹkan sì ń lé e. Ohun tó ń lé e ni ọjọ́ orí, ohun tó ń lé ni wúrà tó gbà pé wọ́n fi bàtà jí gbé mọ́ òun lọ́wọ́. Àti pé Èkó kì í ṣe ibi tó rọ sárésáré lọ́rùn. Addis Ababa tó ń gbé ga ju ojú òkun lọ ní mítà tó lé ní 2,300. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, òwúrọ̀ ibẹ̀ tutù. Èkó tẹ́jú sétí òkun, ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ òógùn ni kó gbẹ lára, kó sì fi gbígbẹ yẹn gbé ooru kúrò. Ní Èkó, òógùn kì í gbẹ bọ̀rọ̀; ó máa ń ṣàn wọ ojú, á ṣàn wọ ìbọ̀sẹ̀, ooru á sì wà lára síbẹ̀. Ọkàn á wá máa ṣe iṣẹ́ méjì: á máa fún ẹsẹ̀ lẹ́jẹ̀, á tún máa rán ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara kí ara lè tutù. Ẹni tó bá fi agídí sá a bó ṣe ń sá a nílé, ojú ọ̀nà ló máa bá ara rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ ni, èyí tó lé ní máìlì 26. Mile 12 tó wà ní Kòsọ́fẹ́, orúkọ tí wọ́n fi ìwọ̀n ọ̀nà sọ ni. Ká ní ẹnì kan fẹsẹ̀ sáré láti ìdí máìlì àkọ́kọ́ ní Èkó lọ sí Mile 12, tó yí ẹ̀yìn padà tó sì sá a délé, kò tíì parí máràtọ́ọ̀nù. Máìlì méjì ó lé ṣì wà nílẹ̀ fún un. Ara èèyàn á sì ti máa wí tirẹ̀ kó tó dé ibẹ̀: lẹ́yìn bíi kìlómítà 30, oúnjẹ tó fi pamọ́ sínú iṣan á ti ń tán, ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì di ohun téèyàn ń bẹ ẹsẹ̀ fún.

Mamo parí tirẹ̀ ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 27 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32. Ó fi ìṣẹ́jú méjìlá ju ti Munich lọ, kì í sì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kú láàárín oṣù mẹ́rin. Ọgbọ́n àgbà ló fi sá a. Ó mọ ìwọ̀n ooru, ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé wúrà ni wọ́n ń pín, wọn ò pín aago. Òun ló kọ́kọ́ dé. Adé tó gbà ní Èkó yìí ni adé ńlá ìkẹyìn tó gbà láyé.

Kò sí ohun tó fi bí iṣẹ́ náà ṣe le tó hàn bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akọni mìíràn ní pápá kan náà. Kipchoge Keino ti Kẹ́ńyà, tó gba wúrà Olympic ní Mẹ́síkò àti ní Munich, wá sí Èkó láti sá mítà 1,500. Ọmọ Tàǹsáníà kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Filbert Bayi, ló ṣíwájú rẹ̀. Keino gba ipò kejì, ó pé ọdún 33 ní ọjọ́ 17 oṣù náà, bí ìdíje ṣe ń parí lọ, ọdún náà ló sì fi eré ọ̀fẹ́ sílẹ̀ lọ máa sáré olówó ní Amẹ́ríkà. Bayi ní tirẹ̀ lọ gba ipò ẹni tó yára jù láyé nínú mítà 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Akọni méjì tí oòrùn wọn ń wọ̀ ló wọ Èkó nínú oṣù kan náà. Ìgbà ọ̀kan dópin lójú èrò, èkejì rí adé kan mú lọ sílé.

Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ rántí. A ò lè bá àwọn èèyàn wí jù: ọmọ tiwọn ni wọ́n ń wò. Modupe Oshikoya gba wúrà mẹ́ta nínú ìdíje náà, ó fò gíga, ó fò jìnnà, ó sì sá eré àfofò. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà na Gínì ní àmì ayò méjì sí òdo, wọ́n sì gba wúrà. Nàìjíríà ṣe ipò kejì lẹ́yìn Íjíbítì lórí àtẹ wúrà. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa rántí ọkùnrin tín-ín-rín tó sá wákàtí méjì àti ààbọ̀ nínú oòrùn? Láti ìgbà náà ni Nàìjíríà ti jẹ́ ilẹ̀ eré kúkúrú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń síwájú nínú máràtọ́ọ̀nù Èkó, láti Plateau ni wọ́n ti ń wá, ibi gíga tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju ti Èkó lọ. Philibus Sharubutu ni ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ dé ní 2016.

Ìyókù ayé Mamo kò rọ̀. Bikila kú nínú oṣù Ọ̀wàrà 1973, oṣù mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ìdíje Èkó. Ní 1974 àwọn ológun lé Haile Selassie kúrò lórí oyè, ẹ̀ṣọ́ ọba tí Mamo wà nínú rẹ̀ sì tú ká. Nígbà tí ìjọba àwọn ológun náà wó lulẹ̀, wọ́n mú Mamo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó lọ́wọ́ nínú ikú ọmọdékùnrin kan ní àkókò ìpakúpa àwọn ológun yẹn. Ó ní òun ò pa ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà látìmọ́lé kí ẹjọ́ tó parí. Ìgbìmọ̀ Olympic Àgbáyé bá a bẹ̀bẹ̀. Nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2002 ni ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n dá ọdún mẹ́fà fún un, wọ́n sì tú u sílẹ̀ torí ó ti lò ju ìyẹn lọ. Oṣù mẹ́rin ló lò nílé. Ọjọ́ 26 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún náà ló kú, ẹni ọdún 69.

Àwọn tó fẹ́ràn eré ní Magodo lónìí mọ Eliud Kipchoge ju Mamo lọ, ó sì tọ́. Òun ló gba wúrà Olympic ní Rio àti ní ìdíje Tokyo, tó sì sá ìwọ̀n máràtọ́ọ̀nù ní wákàtí 1 ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ní Vienna ní 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ka ìyẹn kún àkọsílẹ̀. Ní Paris ní 2024, ẹni ọdún 39 ni. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 30, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èèyàn rọ̀gbà yí i ká, ó bọ́ bàtà rẹ̀ fún àwọn tó ń wòran, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀. Ní New York, nínú oṣù Bélú 2025, ipò 17 ló ṣe. Ẹni tó bá wo ìyẹn tó sì wò ó pé ọkùnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún ṣẹ́gun ní Èkó, tí kò sí bàtà olówó iyebíye, á mọ irú èèyàn tí Mamo jẹ́.

Èkó ṣì ń pe irú wọn. David Barmasai Tumo tó gba máràtọ́ọ̀nù Dubai ní 2011 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ló wá gba ti Èkó ní 2020, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ọjọ́ tó yára jù láyé rẹ̀. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló lò. Àwọn tó dúró ní Gbágadà lọ́jọ́ náà rí i fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ì bá dára kí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé irú ẹ̀ ti wá rí, kí wọ́n dárúkọ Mamo lórí gbohùngbohùn ní Sùúrùlérè, ní ẹ̀gbẹ́ pápá tí wọ́n ti ṣí ìdíje 1973, kí wọ́n tó yìnbọn pé kí eré bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá ń kó ìdènà kúrò ní Anthony, tí dáńfó àkọ́kọ́ ti ń tẹ fèrè lọ sí Ketu, ẹni tó gba ipò kìíní á ti wẹ̀ tán ní Eko Atlantic, níbi tí eré ti ń parí. Àwọn tó ń fi ìdájí sáré ní Magodo á ṣì wà lórí Third Mainland Bridge, ọ̀sà lápá ọ̀tún, ọ̀sà lápá òsì, oòrùn ti kúrò ní ti òwúrọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta bóyá, á yà sí ẹ̀gbẹ́ afárá, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tú okùn bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀ jù, á tún un so, á sì tún gbé eré rẹ̀.